MX-5 ọdún 1991 ń dún ta-ta-ta láàárọ̀: ṣé ọ́ìlì ni, àbí kí n tú orí ẹ́ńjìnnì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní Mazda MX-5 ọdún 1991, ẹ́ńjìnnì 1.6, fúnra mi ni mo sì ń tún un ṣe nílé. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, mi ò fẹ́ fi ìkánjú bà á jẹ́.

Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i láàárọ̀, orí ẹ́ńjìnnì á máa dún ta-ta-ta bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá gbóná, ariwo náà á dínkù, àmọ́ kì í dákẹ́ pátápátá. Ọ́ìlì ló ń ti àwọn lifter rẹ̀ (àwọn irin kéékèèké tó ń ti valve ẹ́ńjìnnì láti ṣí i), ọ́ìlì tó bá sì ti dọ̀tí lè dí wọn. Ṣé kí n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí n wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí n tún pààrọ̀ rẹ̀? Àbí kí n yọ wọ́n, kí n fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Ti ọ́ìlì ló wù mí jù, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè yọ lifter láìyọ camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń tẹ̀ wọ́n.

Àmọ́ mi ò rí àkọsílẹ̀ kankan nípa timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń yí camshaft, ó sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 100,000 kìlómítà. Bí mo bá máa tú iwájú ẹ́ńjìnnì, màá kúkú pààrọ̀ water pump àti àwọn oil seal pẹ̀lú ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bolt iwájú crankshaft, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí àwọn piston ń yí. Ẹnu crankshaft àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kúrú, ó sì máa ń jẹ dànù díẹ̀díẹ̀ tí bolt yẹn ò bá le dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe di ẹ́ńjìnnì mú kó má yí nígbà tẹ́ ẹ ń tú u?