Ẹ sọ ìrírí yín: títún Gbági Àtijọ́ àti irú àdúgbò ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe

Ọmọ Gbági
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí mo bá ti ń gba Òpópónà Lẹ́bánónì kọjá ní Ìbàdàn, ọkàn mi a máa bàjẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ta aṣọ kí wọ́n tó kó àwọn aláṣọ lọ sí Gbági Tuntun. Ẹni tí ó bá ti bá wọn wà níbi tí wọ́n ti ń tún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ojú yín rí?

Ìyá Aláṣọ
Nígbà tí omi Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyá mi tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, aró àdìrẹ ti ṣàn wọ inú gínì funfun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láwìn, kò sì sí ẹyọ kan tí ó ṣeé tà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi san gbèsè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ náwó sí Gbági àti Dùgbẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀, ọ̀rọ̀ gọ́tà ni kí ó kọ́kọ́ bá wa sọ, kí ó tó kan ọ̀dà ara ilé.

Awòlú
Ilé Kòkó, ilé gogoro Dùgbẹ̀ yẹn, ńkọ́? Wọ́n parí àjà 26 rẹ̀ ní 1965, ó jóná ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe tí ó fi ṣí padà ní 1992. Ó ṣeé ṣe.

Ọmọ Gbági
Ẹ̀gbọ́n, ilé kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí ó yí i ká ni mò ń wí.

Ará Èkó
Ọjà tiwa jóná, wọ́n sì tún un kọ́ lọ́nà tí ó wu ojú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bù lé ṣọ́ọ̀bù kọjá agbára àwa tí a ti ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wà, nígbà tí àwa tí a ni oníbàárà ń pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà níwájú ilé náà, tí àwọn agbófinró sì ń lé wa kiri.

Ìyá Ìbejì
Bí ó ti ṣe wá gan-an nìyẹn.

Olùdókòòwò
Mo bá yín kẹ́dùn, àmọ́ ẹni tí ó yáwó kọ́lé gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ gbà padà.

Ará Èkó
Kí ó gbà á padà, sà. Ìbá ti gbà wá láyè láti máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń tà, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní títì kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún òun náà.

Awòlú
Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Láti ìgbà tí ó ti dé Ìbàdàn ní 1901 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń rọ́ wá sí Gbági. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọ́níyà, ní ẹ̀yìn ìlú lọ́hùn-ún, ni ó dúró sí. Ta ni yóò ti Mọ́níyà wá ra aṣọ ní Dùgbẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń wọ mọ́tò láti ibẹ̀.

Awòlú
Pẹ̀lú ẹrù lórí, àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ?

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, lóòótọ́. Bí ọkọ̀ bá wà tí ó ń gbé èrò tààrà láti ibùdókọ̀ náà dé Dùgbẹ̀, ǹ bá máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Gbági
Ẹ̀yin Ìyá Aláṣọ, ṣé ṣọ́ọ̀bù màmá yín ni èyí tí ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà?

Ìyá Aláṣọ
Òun ni, ọmọ mi. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe ni wọ́n wà níbẹ̀ báyìí. Mo wọlé lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì jẹ́ kí n yọjú sí ẹ̀yìn kọ́ńtà: ibi tí omi náà dé lára ògiri ṣì hàn ketekete, ó ga dé èjìká mi.