Ẹ má jẹ́ ká pè é ní "èdè irọ́"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín pé "èdè irọ́" ni ká máa pe irú èdè Japan tí wọ́n ń sọ nínú anime, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan, torí pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ní ìgboro Tokyo. Orúkọ yẹn ni mi ò fara mọ́.

Ẹ wo arúgbó onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú anime. "Washi" ló ń pe ara rẹ̀, "ja" ló sì fi ń parí gbólóhùn níbi tí ará Tokyo ti máa lo "da". Ọ̀jọ̀gbọ́n òde òní kì í sọ̀rọ̀ báyẹn, àmọ́ àwọn èèyàn sọ ọ́ rí. Nígbà tí Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo, èdè apá Kyoto àti Osaka ló níyì lẹ́nu àwọn àgbà àti oníṣègùn tó mọ̀wé. Wọn ò fi í sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ èdè Edo. Àwọn òǹkọ̀wé eré mú un, wọ́n fi ṣe àmì àgbà, àmì náà ò sì kúrò mọ́. "Desu wa" tí ọmọbìnrin olówó inú anime fi ń parí gbólóhùn náà ní orísun: ẹnu àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ayé Meiji (1868 sí 1912) ló ti jáde, àwọn àgbà ìgbà náà sì ń bú wọn pé èdè tí kò bójú mu ni. Kí ló wá jẹ́ irọ́ níbẹ̀?

"Èdè anime" tí ẹnì kan dá lábàá náà ò tó. Àwọn tó ń túmọ̀ ìwé òkèèrè sí èdè Japan máa ń fi èdè ará oko sẹ́nu àgbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kò sì sí anime níbẹ̀. Kinsui Satoshi, onímọ̀ èdè tó sọ ọ́ ní "yakuwarigo", tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2003, ipa tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń kó ló wò. "Èdè ipa" ì bá dára, ṣùgbọ́n lórí fóònù tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fi àmì ohùn sí i, "èdè ipá" lọ̀pọ̀ máa kà. Èmi fara mọ́ "èdè ẹ̀dá-ìtàn", torí a ti ń lo ẹ̀dá-ìtàn tẹ́lẹ̀ nínú lítíréṣọ̀.

Mo ń ro tàwọn ọmọ wa tó ń fi anime kọ́ èdè Japan. Bí a bá ní irọ́ ni, wọ́n á rò pé kò sí èyí tó wúlò, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi "ore" pe ara wọn láàárín ọ̀rẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Kí wọ́n fi "omae" (ìwọ) pe olùkọ́, bí ìgbà tí èèyàn fi "ìwọ" pe bàbá rẹ̀ ni. "Sensei" (olùkọ́) ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n má lo arọ́pò-orúkọ rárá. "Kisama", tí òun náà túmọ̀ sí "ìwọ", tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé Edo, èébú ni lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju "èdè ẹ̀dá-ìtàn" lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá.