Ẹ̀yin tó ti fi ẹsẹ̀ rọ́ rí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó kọjá rírọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn lánàá, ẹsẹ̀ yí sínú, ó ṣubú. Ọrùn ẹsẹ̀ ti wú débi pé kókósẹ̀ ìta ò hàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá ṣáà ti lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò tíì ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe rí kó bá mi sọ̀rọ̀.

Wínjà: Èmi mi gbogbo ìka mi, eegun sì ti ṣẹ́. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ o.

Asáré Ìdájí: Ọ̀rọ̀ "ṣáà mi ìka ẹ" yìí ti ba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ìyá Ìbejì, ọ̀pọ̀ nínú iṣan tó ń mi ìka ẹsẹ̀, òkè ní ojúgun ló ti ń bọ̀. Eegun kókósẹ̀ lè là kí wọ́n ṣì máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ohun tí àwa ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyí. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó ìsàlẹ̀ lọ sókè, bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ tẹ eegun tó yọ létí ẹsẹ̀ níta, láàárín gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka tó kéré jù. Ẹ tún tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ nínú, níwájú kókósẹ̀. Tó bá dùn ún lórí eegun gan-an níbì kankan nínú ibi wọ̀nyí, tàbí kò lè gbé ìṣísẹ̀ 4 (kó tiro náà, mo fara mọ́ ọn), ẹ gbé e lọ yàwòrán eegun (X-ray). Àwọn dókítà ní Ottawa, ní Kánádà, ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1992, torí gbogbo ẹni tó bá ti rọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yàwòrán fún, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ṣẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni?

Ìyá Ìbejì: Ọdún 11, mà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ yára lọ fi han dókítà nígbà náà. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ibi tí eegun ẹ̀ ti ń gùn sí i ò lágbára tó okùn tó so oríkèé. Ohun tó máa rọ́ lára àgbàlagbà lè jẹ́ eegun ló máa là lára tiẹ̀.

Àkàndé Ọ̀rọ̀: Omi gbígbóná àti ìpara, kẹ́ni tó mọ ọ̀nà fà á dáadáa. Ó parí.

Ọmọ Físíò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò parí. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò lábẹ́ awọ níbẹ̀. Ooru àti fífà á máa mú kó wú sí i ni. Tó bá sì wá jẹ́ pé eegun ti là ńkọ́? Báńdéèjì, kó gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, kí ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Àkàndé Ọ̀rọ̀: Yìnyín tẹ́ ẹ ń pariwo ẹ̀ yẹn, dókítà Gabe Mirkin tó kọ́kọ́ to ìsinmi, yìnyín, báńdéèjì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè pọ̀ ní 1978, òun fúnra ẹ̀ ló tún sọ ní 2014 pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó.

Ọmọ Físíò: Òótọ́ lẹ sọ, ìrora ló wà fún, kì í ṣe pé ó ń wo iṣan san. Ṣùgbọ́n Mirkin ò sọ pé ká wá gbé omi gbígbóná o.

Wínjà: 😂😂 Ẹ̀gbọ́n Àkàndé!

Bàbá Gómìnà: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bọ́ọ̀lù là ń gbá. Mo fẹ́ sáré, mo gbọ́ "pá!", ó dà bíi pé ẹnì kan ta mí nípàá lẹ́yìn gìgísẹ̀. Mo bínú yíjú padà, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, wọ́n ní ẹsẹ̀ rọ́, torí mo ṣì ń rìn, mo sì lè tẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n yàwòrán, eegun pé. Ìgbà tó yá tí mi ò lè dúró lórí ìka ẹsẹ̀, mo lọ bá dókítà mìíràn. Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì yọ kọjá etí ẹ̀. Ó fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún, ẹsẹ̀ nà sísàlẹ̀ bí ẹni tẹ bíréèkì. Ó fún tòsì. Kò mira rárá. Iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti já pátápátá.

Asáré Ìdájí: Yéè! Ìró yẹn! Èmi náà gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ.

Olóòótọ́: Ìró báwo? Iṣan lásán?

Bàbá Gómìnà: Àbúrò, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o mọ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ti ọkọ mi, kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Cipro ló ń lò, àtẹ̀gùn ló ń gùn.

Olóòótọ́: Oògùn já iṣan? Ẹ rọra o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Kì í ṣe àròsọ. Ní 2008, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára irú oògùn náà nítorí iṣan tó ń já. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ẹni tó ń lo oògùn steroid ló wà nínú ewu jù. Tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn nígbà tó ń lò ó, kó pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Asáré Ìdájí: Bàbá Gómìnà, ṣé wọ́n là yín ni? Bàtà gíga tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ mú ni wọ́n fún èmi, ó sì jiná.

Bàbá Gómìnà: Wọ́n là mí. Ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, kó ṣáà má pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Dúró Ṣinṣin: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú POP, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹsẹ̀ mi wú lẹ́yìn ojúgun, ó gbóná, ó le. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ́ máa fi òróró fà á. Nọ́ọ̀sì kan tá a pè lórí fóònù ló kígbe pé kó má fọwọ́ kàn án, ká máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ká ní ó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ni, ọ̀rọ̀ á ti di nǹkan mìíràn.

Ìyá Ìbejì: Jésù! Àwa ń jáde lọ báyìí o. Ẹ ṣeun gan-an.

Wínjà: Ojúgun ńkọ́? Tí mo bá ti sáré, ó ń dùn mí.

Asáré Ìdájí: Ṣé ó tẹ́ lọ gbọọrọ ni, àbí ibì kan ṣoṣo tó o lè fi ìka kan tọ́ka sí?

Wínjà: Ibì kan ṣoṣo. Mo yàwòrán lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Ọmọ Físíò: Dá eré sísá dúró ná. Eegun tó sán nítorí àṣejù lè má hàn lórí X-ray ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Padà lọ, sọ ohun tó o sọ yìí fún wọn gẹ́lẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹsẹ̀ kan náà lèmi ń fi rọ́ ṣáá. Ṣé bàtà ni?

Àkàndé Ọ̀rọ̀: Bàtà gíga tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni.

Ìyá Àdùkẹ́: Sílípáàsì ni mo wọ̀, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Físíò: Mà, lẹ́yìn tó ti jiná, ṣé ẹ tún kọ́ ọ ní ìdúró? Okùn oríkèé tó ti já rí kì í tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń yí lọ. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín, láràárọ̀ àti lálẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́: Kí n la ojú àbí kí n dì í?

Ọmọ Físíò: Ẹ là á ná. Tẹ́ ẹ bá ti ń dúró gbọin, ẹ wá dì í, kí ògiri ṣáà wà nítòsí.