Ìlú "àyàkọ́" kẹ̀? Àyà kọ́, kí wá ni?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí gbogbo ilé o. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí níran, mo ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló kọ ọ́ síbí pé òun ti rí orúkọ tá ó máa pe irú ìlú bí Àbújá àti Brasília, olú-ìlú Bràsíìlì, àwọn ìlú tí wọ́n ya pùláànù ẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó gbé búlọ́ọ̀kù kan kalẹ̀. Wọ́n ní "ìlú àyàkọ́" ni, pé à- rèé, yà rèé, kọ́ rèé, ó parí. Àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ lọ pè é sókè níwájú ìyálójà kan. Àyà kọ́. Ohun tó máa bi yín ni pé tí kì í bá ṣe àyà, ṣé ikùn ni? Gírámà ẹ̀ lè gún, etí ò gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé àmì orí kọ́ yẹn (ta ni kì í gbàgbé ẹ̀ lórí fóònù), ó di àyàkọ, ohun tí wọ́n yà tí wọ́n sì kọ, ìwé ọmọ jẹ́léósinmi nìyẹn.

Ìyẹn kọ́ ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Kọ́ yẹn gan-an ni. Ta ló ń kọ́ ìlú? Ilé là ń kọ́, afárá là ń kọ́, ṣọ́ọ̀bù là ń kọ́. Ìlú, títẹ̀ là ń tẹ̀ ẹ́ dó. Bàbá tó bí bàbá mi, ògbólógbòó birikilà ni wọ́n, ilé tí wọ́n mọ nílùú wa ò lóǹkà, síbẹ̀ tí wọ́n bá ń pìtàn, ẹ ò ní gbọ́ "ẹni tó kọ́ ìlú yìí" lẹ́nu wọn láé, "ẹni tó tẹ ìlú yìí dó" ni. Ẹ sì mọ ìtàn Ọ̀rányàn, pé ọba Ìbàrìbá ló fún un ní erè, pé ibi tí erè náà bá dúró sí fún ọjọ́ méje tó sì wọlẹ̀ ni kó fìdí kalẹ̀ sí. Ṣé Ọ̀rányàn kọ́ Ọ̀yọ́ ni àbí ó tẹ̀ ẹ́ dó?

Èmi ní "ìlú àfètòtẹ̀dó", ìlú tí wọ́n fi ètò tẹ̀ dó. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀.

Mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ torí ẹ ti sọ ọ́, pé tẹ̀dó jẹ́ ti ọdẹ tó pàgọ́ sídìí igi táwọn èèyàn wá ń bá a níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ìlú orí pépà kò bá a mu. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Brasília tẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fúnra yín. Ní 1957 tí Bràsíìlì ṣe ìdíje ẹni tó máa ya olú-ìlú tuntun, Lúcio Costa ló mókè. Nínú àlàyé tó kọ mọ́ pùláànù yẹn, ó ní ibi tóun ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ẹni tó bá fẹ́ sàmì síbì kan tàbí tó fẹ́ sọ ibẹ̀ di tiẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, àmì àgbélébùú. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni ọkùnrin náà ń sọ! Ọ̀nà ńlá méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n tẹ ọ̀kan nínú ẹ̀ díẹ̀, òun ló jẹ́ káwọn èèyàn máa ní ó jọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ibi tí kọ́ ti ṣe wọ́n ní jàǹbá náà rèé. Ilé ìjọba, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀nà mọ́tò, gbogbo ẹ̀ ló gún régé lórí pépà, ṣùgbọ́n àwọn lébìrà tó ń po kọnkéré, tí wọ́n ń pè ní candango, ibo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n sùn? Wọ́n ń fi pákó kan ilé káàkiri, ìgbà tó di 1958 ni ìjọba wá yọ Taguatinga sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí olú-ìlú fúnra ẹ̀ ní April 1960. Ìlú tí wọ́n ṣírò fún èèyàn 500,000, agbègbè ẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù méjì báyìí, ìta pùláànù ni èyí tó pọ̀ jù ń gbé. Ẹni tó bá ní tẹ̀dó lọ́kàn ì bá ti bi ara ẹ̀ léèrè pé ta ló ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní yà ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, torí kò síyàtọ̀ mìíì láàárín irú ìlú yìí àti Mushin. Òótọ́ ni pé páìpù omi, gọ́tà àti wáyà, abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbà, tílé bá ti jókòó tán tẹ́ ẹ wá ń wá ibi tí páìpù máa gbà, wíwó ló kù, ẹ bi ará Èkó. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ wo Àbújá. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinola Aguda jókòó ní 1975, wọ́n ní Èkó ti fún pinpin, kí wọ́n wá ilẹ̀ sí àárín Nàìjíríà, níbi tẹ́yà ńlá kankan ò ti ní sọ pé tòun ni. Òfin jáde ní oṣù kejì 1976. Pùláànù ńkọ́? 1979! Ilẹ̀ ti wà, ìdí ti wà, kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù. Ní December 1991 ni ìjọba wá kó lọ. Ètò ló ṣíwájú, yíyà jẹ́ ọ̀kan lára ètò.

Àǹtí wa tó ń gbé Àbújá ní ọ̀rọ̀ tẹ̀dó ń pa ìtàn àwọn Gbagyi rẹ́, pé wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó dé. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyà sì jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n Àgọ́ Ọ̀jà náà ti wà kí Aláàfin Àtìbà tó dé, síbẹ̀ Àtìbà la ní ó tẹ Ọ̀yọ́ òní dó. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá máa fi ìyẹn lé tẹ̀dó jáde, ìtàn wa ló máa kọ́kọ́ jáde.

Ẹni tó ní ìlú báyìí ò tíì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lágbàáyé, kó lọ wo Bahia ní Bràsíìlì, níbi táwọn èèyàn wa ti ń bọ òrìṣà dòní. 1549 ni ọba Pọtogí rán Tomé de Sousa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kó dá ìlú Salvador sílẹ̀, Luís Dias tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lékọ́lé sì bá a lọ. Ètò ló ṣíwájú níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ à- ló kù. Ẹnì kan ti ń kọ ọ́ ní "afètòtẹ̀dó", ohùn àárín. Rárá o. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé, àkọsílẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní afètòtẹ̀dó, Kubitschek, ààrẹ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, lẹ ń sọ, kì í ṣe Brasília. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, mo gbọ́, ìyá tó tọ́ mi ò wọ kíláàsì kan, wọn ò sì ṣi ohùn yẹn pè rí.