Ẹ gbà mí o, láptọ́ọ̀pù mi kò kọjá àmì Dell mọ́, iṣẹ́ oníbàárà sì wà nínú ẹ̀

Ìyá Bọ́lá, Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ń bí mi ni. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe dísáìnì kò ṣí mọ́. Tí mo bá tàn án, àmì Dell á yọ, àwọn àmì róbótó funfun kékeré tó máa ń yí po lábẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ibẹ̀ ló máa wà. Á yí títí, á ṣókùnkùn, á tún tan ara ẹ̀, á tún máa yí.

Ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 24 tí wọ́n fẹ́ gbà ní Fúráìdeè wà nínú ẹ̀. Mo ti tò ó tán, fọ́tò díẹ̀ ló kù. Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, látàárọ̀ ló ti ń pè mí, àwọn tó máa bá wa ṣe pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé náà ń dúró. NEPA ń mú iná lọ, wọ́n ń mú un wá, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ti tèmi ní iná ló jó o. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà, mo ti sọ fún un títí kó yéé gbá géèmù lórí ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní Computer Village sì ní tòkunbọ̀ tó mọ́ ni, pé kò ní dà mí láàmú. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fọ́mátì ẹ̀. Gbogbo fáìlì CorelDRAW mi ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Windows ló bàjẹ́, ìyẹn ò ní oògùn méjì ju fọ́mátì lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú fi Windows 11 sí i, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 October 2025.

Bàbá Wálé, Sùúrùlérè

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti NEPA, ẹ sọ ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ ò sọ Dell wo ni, ẹ ò sọ Windows wo, ẹ ò sọ bóyá SSD, ìyẹn dísìkì tuntun tí nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀, ló wà nínú ẹ̀ tàbí háàdì dísìkì àtijọ́. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù: kí ni wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwà yìí?

Ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti dúró ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Tí iná bá tàn tí àmì Dell ò yọ rárá, rámù (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), bọ́ọ̀dù tàbí ojú ẹ̀rọ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Tí àmì bá yọ tí nǹkan kan ò yí lábẹ́ ẹ̀, BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ṣáájú Windows, ló ṣì ń yẹ ohun tó so mọ́ ọn wò. Ó lè jẹ́ fíláàṣì tí ẹ gbàgbé sára ẹ̀, ó lè jẹ́ dísìkì tí kò dáhùn. Tó bá ti ń yí, BIOS ti rí Windows lórí dísìkì, ó ti fà á lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wà láàárín Windows, dísìkì àti dráfà, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù ló ṣókùnkùn, dráfà fídíò ni tàbí ètò kan tó ń bá Windows jí. Ti yín ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Níbẹ̀, fáìlì sábà máa ń wà lódidi, nítorí náà, fọ́mátì kọ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Rónkẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́tà

Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, mà: máòsì, fíláàṣì, okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ wá so ṣájà nìkan, kí ẹ tàn án. Tí kò bá lọ, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ yọ rámù, ẹ fi ìrésà pẹ́ńsù nu ibi tó ń tàn bíi wúrà, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò.

Mọ́ṣúdì, Ọ̀tígbà

Ẹ má tíì ṣí ìsàlẹ̀ kankan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ pa á, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 léraléra bí àmì Dell bá ti ń yọ. Àkójọ kan á jáde, ẹ yan Diagnostics. Á dán rámù, dísìkì, fáànù àti bátìrì wò. Tó bá jù nọ́ńbà 2000-0142 síta, dísìkì ti kùnà nínú àyẹ̀wò ara ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tún tàn án mọ́ nígbà náà, ẹ yọ dísìkì jáde, ẹ fi í sínú kéèsì tó ń lo USB, kí ẹ kó fáìlì yín sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Tí gbogbo ẹ̀ bá yege, ẹ tàn án, bó bá ti ń yí, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ tún un ṣe. Nígbà kẹta, Windows á gbé ojú búlúù àtúnṣe jáde. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Repair. Ẹ má fọwọ́ kan "Reset this PC" o. "Remove everything" tó wà lábẹ́ ẹ̀ á kó fáìlì yín lọ pátá.

Rónkẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́tà

Mọ́ṣúdì, rámù tó ń ṣe ségesège lè mú kó dúró níbikíbi, kódà bí nǹkan bá ti ń yí. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní òun ni.

Ìyá Bọ́lá, Ṣómólú

Ẹ ṣé gan-an. Latitude E5470 ni, Windows 10, wọ́n kọ SSD 256 sára páálí ẹ̀ nígbà tí mo rà á. Mo ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ẹ̀ bí Rónkẹ́ ṣe sọ, ìkan náà ni. Mi ò ní fọ́mátì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fọ́mátì, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 24. Ọmọ yẹn sì ti gbá géèmù lórí ẹ̀ lóòótọ́, ó ti jẹ́wọ́.

Bàbá Wálé, Sùúrùlérè

Géèmù kì í ṣe báyìí sí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ẹ ò tíì dáhùn èyí tí mo béèrè: kí ni wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó

Tẹ́ ò bá fẹ́ fọ́mátì, ẹ wọ Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, lójú àtúnṣe yẹn, kí ẹ tẹ chkdsk C: /r. Kẹ́ ẹ tún tẹ bootrec /rebuildbcd.

Bàbá Wálé, Sùúrùlérè

Ẹ má tíì tẹ ìkankan nínú wọn. chkdsk /r máa ń ka gbogbo ojú dísìkì látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ dísìkì tó ń kú lọ ni, wàhálà yẹn gan-an ló lè parí ayé ẹ̀ kí ẹ tó kó fáìlì. Lẹ́yìn ìgbà tí Diagnostics bá ti yege tàbí tí fáìlì bá ti wà níbòmíràn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Lójú àtúnṣe yẹn náà, lẹ́tà C lè má jẹ́ ibi tí Windows wà, ẹ gbọ́dọ̀ fi dir, àṣẹ tó ń kọ orúkọ fáìlì jáde, wò ó ná. Ní ti bootrec, àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí Windows wà ló ń tún ṣe. Àmì ti ń yí, ìyẹn ni pé ó ti rí i. Kí lẹ fẹ́ tún júwe?

Ní ti Windows 11, ẹ̀rọ ìran kẹfà Intel ló wà nínú E5470. Ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n gbé e sí i, àmọ́ ìyẹn kọ́ la máa fi kún ìṣòro Ìyá Bọ́lá lónìí. Òótọ́ ni pé ìtọ́jú Windows 10 ti parí. Ìyẹn kì í dá ẹ̀rọ dúró lójú àmì Dell.

Ìyá Bọ́lá, Ṣómólú

Mo ti ṣe Diagnostics, gbogbo ẹ̀ ló yege, dísìkì náà yege. Mo sì dé ojú búlúù àtúnṣe. Startup Repair ní òun ò lè tún un ṣe. Ojú búlúù mìíràn tún wà tó máa ń kọjá fìrí kó tó tún ara ẹ̀ tàn, ojú tó rẹ̀wẹ̀sì wà lókè ẹ̀. Ọmọ náà fi fóònù ya á: INACCESSIBLE BOOT DEVICE ló kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ohun tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Aago ẹ̀ ló máa ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí mo bá pa á, ló bá di pé mo pe ẹnjinníà kan kó bá mi pààrọ̀ bátìrì kékeré tó rí bíi kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ojú mi ló ti ṣe é. Ó wọ ojú ewé kan tó kún fún lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó tún aago ṣe, ó tẹ "Load Defaults", ó ní kó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni. Kò fọwọ́ kan Windows rárá. Ẹni tó mọṣẹ́ ni.

Bàbá Wálé, Sùúrùlérè

Ìyá Bọ́lá, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

"Load Defaults" dá gbogbo ètò inú BIOS padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe tò ó. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ SATA Operation, òun ló ń pinnu ọ̀nà tí Windows máa gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀. RAID On àti AHCI wà lára àwọn ọ̀nà yẹn. Lórí E5470, RAID On ni ti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń yí i sí AHCI kí wọ́n tó fi Windows tuntun sí i, torí dráfà AHCI ti wà nínú Windows látilẹ̀. Nígbà tí Windows bá ń jí, kì í gbé gbogbo dráfà dísìkì tó wà nílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi tò ó ló ń gbé. BIOS ka ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yí. Ìgbà tó wá kan Windows láti fi dráfà tiẹ̀ kà á, dísìkì pòórá mọ́ ọn lójú. Ló bá jù INACCESSIBLE BOOT DEVICE. Startup Repair ò lè tún un ṣe torí kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú Windows. Diagnostics sì yege torí dísìkì ò ṣàìsàn.

Ẹ so ṣájà mọ́ ọn. Ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F2 léraléra. Lápá òsì ẹ máa rí System Configuration, ẹ ṣí i, ẹ tẹ SATA Operation. Ẹ fi fóònù ya bó ṣe wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tó bá wà lórí RAID On, ẹ yí i sí AHCI. Ìkìlọ̀ kan lè jáde pé Windows lè má ṣí mọ́, ẹ gbà á. Ẹ tẹ Apply, kí ẹ tẹ Exit. Ẹ má fọwọ́ kan Boot Sequence àti Secure Boot.

Mọ́ṣúdì, Ọ̀tígbà

Bàbá, mo gbà, àmọ́ nǹkan méjì. Tí Windows yẹn bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi sí i lórí RAID On látilẹ̀, "Load Defaults" ò yí nǹkan kan padà níbẹ̀, a jẹ́ pé ibòmíràn lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá yí i sí AHCI tí ìkan náà bá ṣẹlẹ̀, mà, ẹ dá a padà síbi tó wà, kí ẹ tó dán ohun mìíràn wò. Èkejì ni BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa. Tí wọ́n bá tan ìyẹn sórí ẹ̀, ó lè béèrè nọ́ńbà ìṣí tó gùn tó ẹyọ 48 kí ó tó ṣí. Inú àkántì Microsoft yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Ẹ má kàn máa gbìyànjú nọ́ńbà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó

Kí ló dé tí ẹnjinníà yẹn ò kọ ètò tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kó tó tẹ "Load Defaults"? Èyí tó ń bí mi nínú nìyẹn. Aago nìkan ló yẹ kó tò.

Ìyá Bọ́lá, Ṣómólú

Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ o, ó ti bá mi ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

RAID On ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti yí i sí AHCI. Ó ṢÍ! Kò béèrè nọ́ńbà kankan. Fáìlì mi pé pérépéré. Bàbá Wálé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ṣé kí n kàn máa báṣẹ́ lọ?

Bàbá Wálé, Sùúrùlérè

Àmín. Ẹ má tíì bá iṣẹ́ lọ. Ẹ kó fáìlì sórí dísìkì mìíràn báyìí, kí ẹ tún gbé èyí tí wọ́n fẹ́ gbà ní Fúráìdeè sórí Google Drive. Lẹ́yìn náà ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, wo SSD yẹn. Tó bá kọ Good, ó dáa. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ láìfi falẹ̀.

Rónkẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́tà

Ẹ má gbàgbé fóńtì, mà. Tẹ́ ẹ bá kó fáìlì .cdr nìkan, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fóńtì yẹn, CorelDRAW á béèrè èyí tó máa fi rọ́pò ẹ̀, gbogbo bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ á sì yẹ̀. Ẹ kó C:\Windows\Fonts. Èyí tí ẹ fi sórí àkántì yín nìkan wà nínú AppData\Local\Microsoft\Windows\Fonts, ó sì máa ń pamọ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i àfi tí ẹ bá tan Hidden items nínú View.

Ìyá Bọ́lá, Ṣómólú

Ó ti ń kó wọn lọ. Fóńtì tó ní àmì ohùn tí mo fi kọ oríkì wà nínú AppData yẹn lóòótọ́, kò sí nínú ti Windows. Ṣé tí bátìrì kékeré yẹn bá tún kú lọ́jọ́ kan, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀?

Mọ́ṣúdì, Ọ̀tígbà

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ "SATA: AHCI" sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù náà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ bo ihò tí fáànù fi ń mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí i kó tó tẹ ohunkóhun.