Mo jẹ́rìí pé omíyalé kò dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá omi lọ sì gbọ́

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú àdúrà o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún nínú ìjọ wa.

Lóru ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ ládùúgbò wa. Aago mọ́kànlá ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì, odò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti kún wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Orí òkè ni ilé tiwa wà, omi kò kàn wá. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wà nísàlẹ̀ ní tiwọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọdún kẹtàlá rèé tí a ti jọ ń gbé àdúgbò. Omi wó ògiri wọn, ó wọ yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí. Wọ́n rí méjì gbé jáde. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Omi gbé e lọ. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó rí i lábẹ́ afárá, níbi tí pákó há sí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Sátidé náà. Mo yà kí wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, mo sì yára lọ nítorí mi ò mọ ohun tí n bá sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Mo jáde. Mo gba máíìkì, mo ní omi yí ká, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi hàn pé tirẹ̀ ni wá, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọ hó yèè. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa kọjú sí. Bí mo ṣe ń padà sí àyè mi, mo rí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lójú fèrèsé. Wọ́n ń fọ́n èlùbọ́ tó ti tutù sórí táńpólì. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo apá ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan ní ìdájọ́ ni, ó ní ẹni tí kò bá gba Krístì kò sí lábẹ́ ààbò. Èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ aláàánú. Mo ní ká mú nǹkan lọ fún ìyá yìí. Ó ní rárá, owó àwọn ará ilé ìgbàgbọ́ ni, Gálátíà 6:10.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ sọ́jà. Ṣé mo ṣẹ̀ nípa ẹ̀rí yẹn ni? Kí ni mo máa lọ sọ fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú.

Bàbá Òkè-Bọ́lá

Ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìbàdàn ni mo sì ti lo gbogbo rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, 31 August 1980, nígbà tí Bọ́lá Ìgè ń ṣe gómìnà. Òjò náà rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Àwọn tó kú lé ní 200. Ẹ jẹ́ kí n bi alàgbà yín léèrè ohun kan. Ọjọ́ Ìsinmi ni Ògùnpa kún, àwọn kan ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láàárọ̀, wọn ò rí ọjọ́ kejì. Omíyalé 2011 wáá dé, 26 August, ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ lórí ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ta ni Ọlọ́run ń bá jà? Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé Baba ń rọ̀jò fún olódodo àti aláìṣòótọ́. Àwọn méjìdínlógún tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa, nínú Lúùkù 13, ó ní wọn kò ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ìyàwó rẹ̀ nínú omi Ògùnpa. Oníwàásù kan wá kí i, ó ṣàlàyé fún un fún bíi wákàtí kan pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ. Àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, yóò gbé abọ́ àná, yóò lọ. Kò wàásù. Ìyá yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń dárúkọ títí tó fi kú. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ní ti ẹ̀rí rẹ, ọpẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ nígbà tí o ní "tirẹ̀ ni wá", o ti sọ fún ìyá yẹn pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ìyẹn ni kí o bẹ̀ ẹ́ fún.

Díákónì láti Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ọ̀fọ̀ ládùúgbò yín. Mi ò bá alàgbà yín lọ lórí ìdájọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tètè dá a lẹ́bi lórí owó. Àwọn ọmọ ìjọ náà wà tí omi ba dúkìá wọn jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ẹlòmíràn. Èmi náà ti ṣe akápò rí. Mo ti rí opó tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tó bá àpótí lófìfo.

Ìyá Àdúrà

Ẹ ṣeun, Díákónì, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ opó. Ṣùgbọ́n ẹ ka Gálátíà 6:10 tí alàgbà yẹn tọ́ka sí padà: ó ní ká ṣoore fún gbogbo ènìyàn, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. "Gbogbo ènìyàn" ló ṣáájú nínú rẹ̀, "pàápàá" ló tẹ̀ lé e. "Pàápàá" kì í ṣe "nìkan". Ará Samáríà kò sì bi ẹni tó bá lójú ọ̀nà léèrè ibi tó ti ń jọ́sìn kó tó da òróró sójú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, bí ìgbìmọ̀ kò bá fọwọ́ sí owó ìjọ, apò tirẹ ńkọ́?

Ọmọ Alhájà

Krístẹ́nì ni mí, Mùsùlùmí ni ìyá mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ, wọn á ṣe àdúrà fìdáù. Ẹ lọ síbẹ̀, mà. Ẹ ra omi mímu dání, ẹ jókòó láàárín àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ọmọ náà, ẹ ṣe àmín. Ẹ má mú ìwé ìwàásù kankan dání. Ẹ sọ pé ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ gbà á. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run nílò rẹ̀ lọ́run. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi nígbà tí àbúrò mi kú. Màmá mi dáhùn pé, "Èmi ni mo nílò rẹ̀."

Ará Houston

Omi ìjì líle Harvey wọ ilé wa níbí ní August 2017. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò rí ibi sùn, àwọn mọ́ṣáláṣí náà ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí bá mi gbé kápẹ́ẹ̀tì rírẹ jáde, kò béèrè nǹkan kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni pé àkísà pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbé wá. Lọ́dọ̀ tiyín, omi kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí àgbàrá bá ti gba orí ṣaláńgá kọjá, kí wọ́n má ṣe mu omi kànga yẹn láìsè é, kọ́lẹ́rà kì í pẹ́ dé. Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún wọn. Èlùbọ́ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá a láti tà á. Ó máa bu, májèlé ló máa dà. Bí ẹ bá lè ra àpò èlùbọ́ kan tàbí méjì fún wọn kí wọ́n fi padà sọ́jà, ó dára ju ìrẹsì lọ.

Ẹnjiníà

Ìbéèrè kan ni tèmi, ẹ má bínú. Kí ló wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì yín àti odò náà? Mo bi yín nítorí pé ní 2011, nígbà tí ó lé ní 100 ènìyàn kú ní Ìbàdàn, tí afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, tí omi wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, kì í ṣe òjò nìkan ló fà á. Àwọn ilé wà lójú odò, ìdọ̀tí sì ti dí gọ́tà pa. Odò ní ibi tó máa ń nà sí nígbà òjò. Bí a bá dí i lápá kan, apá kejì ló máa gbà.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹnjiníà, láti àná tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò sùn.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a da yẹ̀pẹ̀ sétí odò láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, a sì mọ ògiri gíga yí i ká. Ibẹ̀ ni omi máa ń tàn sí tẹ́lẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wá bá wa nígbà náà, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ mi, ibo lẹ fẹ́ kí omi gbà? A ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Èmi náà dáwó fún ògiri yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ìgbìmọ̀ ìjọ. Mo béèrè pé kí a wó apá ògiri tó kọjú sódò, kí a kó yẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Wọn á jókòó lé e lórí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alàgbà yẹn kò tíì dá mi lóhùn.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lónìí, ọ̀nà iwájú ni mo gbà. Òórùn kíkan ti gba gbogbo ilé. Àwọn àpò èlùbọ́ tó rẹ wú sára ògiri, òmíràn ti bẹ́. Bàtà iléèwé ọmọ náà wà lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ kan péré. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ.

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí." Mo sọ ti ògiri náà.

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wáá nawọ́ sí àpò tó wà nítòsí mi. Wọ́n ní, "Bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

Àpò mọ́kànlá la gbé jáde. Ó ku mẹ́rin, mo máa padà lọ láàárọ̀ ọ̀la.