Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ tí ò lè fò, fúláàtì la wà, òtútù sì ti dé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀ (Leeds): Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá tí mo lọ mú Ayọ̀ ní nọ́sìrì, àǹtí tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní wọ́n to àpótí kékeré kan sílẹ̀ káwọn ọmọ máa fò látorí ẹ̀, gbogbo wọn ń fò, tèmi dúró gbagidi lórí ẹ̀ ó ń nawọ́ kí wọ́n wá gbé òun. Ó tún ní tí wọ́n bá sáré díẹ̀ báyìí á lọ jókòó. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní ṣebí ọmọ mi mọ ABC, ó sì ń ka ení dé ogún. Ìgbà tí mo délé ni mo wá rò ó. Òkè kẹta la ń gbé, tó bá ti fò lẹ́ẹ̀mejì, bàbá òyìnbó tó wà nísàlẹ̀ á ti máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà ẹ̀ gbì gbì gbì, èmi náà á yáa fún ọmọ ní fóònù kílé lè rọ̀. Nọ́sìrì sílé, inú pushchair, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ, ni, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo máa ń kánjú. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa ńkọ́, tó bá ti ké pẹ́n, wọ́n ti gbé e pọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ o! Agogo mẹ́rin lásán ilẹ̀ ti ń ṣú, níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ?

Bàbá Ìbejì (Thamesmead): Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ fẹ́ràn wàhálà. Ní Mushin ta ló ka mínítì eré fún wa? Táyà mọ́tò la fi ń sáré kiri àdúgbò, kò sì séyìí tó yarọ nínú wa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Birmingham): Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ara yín lẹ fi dáhùn ẹ̀ yẹn. Táyà yẹn ló ṣiṣẹ́ náà fún yín. Níbí kò sí àgbàlá, kò sí táyà, kò sí ọmọ ìyá Sùlè tó máa wá pè é síta, àfi kí òbí fọwọ́ ara ẹ̀ wá a.

Ìyá Ayọ̀, ẹ má bínú sí àǹtí yẹn, ohun tó dáa ló ṣe fún yín. Ìmọ̀ràn táwọn ọ̀gá dókítà ìjọba níbí gbé jáde lọ́dún 2019 ni pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa lo ara ẹ̀ fún ó kéré tán 180 mínítì lójúmọ́, kí 60 nínú ẹ̀ jẹ́ eré tó máa mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, mínítì mẹ́wàá níbí, ogún lọ́hùn-ún, ìrìn wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, kó máa gun àtẹ̀gùn ilé yín fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí wọ́n má de ọmọ mọ́ pushchair ju wákàtí kan lọ léraléra, àti pé fóònù òun tẹlifíṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin. Fífò tẹ́ ẹ ń wò yẹn, egungun ló ń mú le. Ọmọ tó bá sì sáré dáadáa lọ́sàn-án, ẹ ò ní bá a jà kó tó sùn.

Ohun méjì míì. Fítámì D, 10 micrograms lójúmọ́ fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, ẹ má fi ṣeré, torí láti October títí wọ March oòrùn ibí ò lágbára tó kí ara fi ṣe é, ara àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ti máa ń dín jù. Ìkejì, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, torí náà ẹ sọ fún GP, dókítà àdúgbò yín. Ẹ máa ṣọ́ ọ tó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, tó bá ń fi ọwọ́ ti itan ara ẹ̀ kó tó lè nàró, tàbí tó ń ṣubú ṣáá, ẹ má dúró rárá. Ó lè má ju pé kò rí àyè fò lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Tèmi (Peckham): Ẹ fi pushchair yẹn sílé. Mi ò purọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìrìn mínítì méjìlá gbà wá ní ogójì, ó ń dúró wo ìgbín, ó ń mú ewé, òógùn bò mí nínú òtútù. Báyìí òun ló ń fà mí. Ògiri bíríkì kúkúrú kan wà níwájú ilé ẹnì kan lọ́nà wa, mo di ìka ọwọ́ ẹ̀ kan ṣoṣo mú, ó rìn lórí ẹ̀ dé òpin, a ka ení èjì ẹ̀ta, ó bẹ́ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ la ṣe é, títí tó fi já ìka mi sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tòjò bá ń rọ̀, ẹ ra aṣọ òjò tó bo ọmọ látòkè délẹ̀ àti bàtà òjò ní charity shop, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, kó máa ta omi ibi tó lómi. Kò ní kú.

Ti aládùúgbò yẹn, èmi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ bá tèmi. Mo bi í pé ìgbà wo lẹ máa ń sùn, àṣé iṣẹ́ òru lòun náà ń ṣe! Ó ní aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òun ò sí nílé. Ìgbà yẹn la máa ń to tìmùtìmù sílẹ̀, tá a tan orin, tá a fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Igi ìgbálẹ̀ sinmi.

Bọ̀dá Lékan (Houston): Tiwa níbí ooru ni. Lásìkò summer, aago méje àárọ̀ la ti ń wà ní páàkì, tó bá di ọ̀sán irin síláìdì lè bó ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ní ti Màmá, ẹ má bá wọn jà lórí pípọ̀n, ẹ gbéṣẹ́ fún wọn. Ìyá mi ló ń ṣe olórí bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran nílé wa, wọ́n á jókòó sórí àga wọ́n á máa pàṣẹ, àwọn ọmọ á máa sáré. Ìkókó àná ti gbàgbé ẹ̀yìn.

Bàbá Ìbejì (Thamesmead): Ó dáa, mo gbà. Àwọn ìbejì mi náà ò tíì kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀. Mo ti ń wá bàtà wọn.

Ìyá Ayọ̀ (Leeds): Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. GP yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní iṣan ẹ̀ dáa, ká jẹ́ kó máa ṣeré ká padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Màmá ń bá wa rìn lọ sí nọ́sìrì báyìí, wọ́n di gèlè lé fìlà òtútù. Lánàá, orí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ilé wa, ó dúró, mo na ọwọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó ní "Mummy, lọ sẹ́yìn." Ó fò, ó fi ìdí balẹ̀ pọ̀ọ́. Ọkàn mi já. Ó dìde, ó tún gùn ún padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní bàtà òjò sáìsì 9 tọ́mọ ẹ̀ ò lè wọ̀ mọ́? Màá fowó ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́.